Gọ́tà Tí Ìyá Mọ̀nsúrát Fi Ọdún Mẹ́sàn-án Kó

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìtàn yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi tó bá yá pé kí n ní sùúrù. Ìyá Mọ̀nsúrát ní sùúrù fún ọdún mẹ́sàn-án gbáko. Ẹ ó rí ohun tí sùúrù náà fún un.

Sàdíátù ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Yorùbá kan ní Pellow Street tó pè é bẹ́ẹ̀ rí. Mọ̀nsúrát ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ó ti lọ́kọ, ó ń gbé ní London. Ẹ má bínú pé mo ń pe àgbà ní "ó" nínú ìwé. Bí mo bá kọ "wọ́n" fún Ìyá Mọ̀nsúrát, tí mo tún kọ "wọ́n" fún káńsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, yóò dà bíi pé ọ̀wọ̀ kan náà ni mo ní fún àwọn méjèèjì. Lójúkojú, èmi Fọlákẹ́ máa ń kúnlẹ̀ kí i ni. Ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ mi pé káńsù wo ni. Mẹ́wàá ni wọ́n ní Greater Manchester, mi ò ní dárúkọ tiwa, àwọn náà mọ ara wọn.

Òpópónà kékeré ni Pellow Street. Ilé bíríkì pupa ló wà níbẹ̀, wọ́n so mọ́ra wọn lọ́tùn-ún lósì, gbogbo wọn ò ju ogójì lọ. Láti orí títì ńlá tí bọ́ọ̀sì ń gbà, ńṣe ló ń dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wálẹ̀ títí ó fi kan ògiri gíga kan tí ọkọ̀ ojú irin ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni títì parí sí. Gbogbo òjò tó bá rọ̀ sórí òrùlé ogójì ilé, ibẹ̀ ló ń wá jókòó sí. Ilé Ìyá Mọ̀nsúrát ló gbẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ilé tí mo háyà yàrá sí ló kọjú sí i. Àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà tiwa. Kò sí ẹyọ kan lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀.

Ọdún 2021 ni mo dé gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Ní òwúrọ̀ Sátidé àkọ́kọ́ mi níbẹ̀, mo rí obìnrin kan tó wọ aṣọ òjò, tó kúnlẹ̀ sétí títì, tó ki apá bọ ihò gọ́tà títí dé èjìká. Mo rò pé òrùka rẹ̀ ló jábọ́ síbẹ̀. Mo sọdá, mo kí i, mo bi í pé kí ló sọnù. Ó ní kò sí ohun tó sọnù, gọ́tà lòun ń kó. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé pápákọ̀ òfurufú Èkó ni mo fi kíkó gọ́tà sílẹ̀ sí. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó fa ewé jáde, ó fa ike jáde, ó fa nǹkan dúdú kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ jáde, ó wá fi ọ̀pá irin kan gún inú ihò náà títí a fi gbọ́ tí omi mí kanlẹ̀, tó sì lọ. Ihò mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ títì wa. Gbogbo Sátidé ló ń kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti ọdún 2015 tí òun àti ọkọ rẹ̀ ti ra ilé náà.

Kì í ṣe pé kò níṣẹ́ mìíràn. Ọmọ Ìbàdàn ni. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni lọ́dún 1980 tí odò Ògùnpa kún, tó ya wọ ìgboro. Omi já àbúrò rẹ̀ gbà mọ́ ìyá wọn lọ́wọ́, wọn ò rí i mọ́. Àwọn ènìyàn ń sọ pé àmúwá Ọlọ́run ni. Ìyá rẹ̀ ní kí wọ́n yọ Ọlọ́run kúrò níbẹ̀, pàǹtírí tí wọ́n ń dà sódò ló pa ọmọ òun. Láti ọjọ́ náà, Sàdíátù kì í rí gọ́tà tó dí kó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nǹkan kejì tó mú wá láti ilé ni ìbẹ̀rù wolé-wolé. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà nílé mọ̀ wọ́n. Bí wolé-wolé bá dé tó bá ìdọ̀tí nínú gọ́tà iwájú ilé yín, ẹ ti dáràn, ó di kóòtù. Nítorí náà, bí a bá ti gbúròó pé wọ́n wọ àdúgbò, gbogbo ilé á mú ìgbálẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló ṣe wá lọ́ṣẹ́.

Òun àti ọkọ rẹ̀, Kọ́lápọ̀, ti wà ní Manchester láti ọdún 2003. Ọkọ ń wa bọ́ọ̀sì tó ń gba Rusholme kọjá, ìyàwó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n ra ilé ìsàlẹ̀ yìí, owó rẹ̀ dínkù sí ti àwọn ilé òkè, wọn ò béèrè ìdí. Lọ́dún 2022, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Bàbá Mọ̀nsúrát. Ẹsẹ̀ lọ, ọwọ́ ọ̀tún lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Kò lè gun òkè ilé mọ́, wọ́n bá gbé bẹ́ẹ̀dì oníná kan wá fún un sí pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí títì. Ọwọ́ òsì nìkan ló kù fún un, ó sì ń lò ó dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá ń kọjá, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì kí onítọ̀hún. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ kí bàbá láti òdìkejì títì, wọn á gbé ọwọ́ náà sókè. Ìyàwó wọn sọ fún mi pé kò sí ohun tí òun ò lè fara dà, bí òun bá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tí òun rí ọwọ́ yẹn.

Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn aláìsàn ti sọ fún un pé ọkọ rẹ̀ lè máa gbé nílé níwọ̀n ìgbà tí ilé náà bá gbẹ, tó móoru, tí kò léwu. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, orí ìyẹn ló dá lé: kí omi má wọ pálọ̀ ilé kan, kí ọkùnrin kan lè dùbúlẹ̀ sí ilé ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń san owó títì àti owó òjò níbí, kí ẹ lè bá mi bínú. Oṣooṣù là ń san owó káńsù. Bí kòtò bá wà lójú títì, inú owó náà ni wọ́n ní àwọn yóò ti dí i, bí ó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ́jú àwọn arúgbó àti àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ tán, kì í sì í ṣẹ́kù. Lẹ́yìn náà ni bíìlì omi. Mo rò pé omi ẹ̀rọ nìkan là ń sanwó rẹ̀. Mo wá kà á dáadáa, mo bá owó òjò níbẹ̀: òjò tó rọ̀ sórí òrùlé wa, àti òjò tó rọ̀ sójú títì tí kì í ṣe tiwa. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù, ó ní ṣé àwọn òyìnbó ti ra òjò lọ́wọ́ Ọlọ́run ni. Pẹ̀lú gbogbo owó yìí, bí gọ́tà bá dí tí ẹ pe káńsù, wọ́n á ní ihò òkè nìkan ni tàwọn, ọ̀pá abẹ́ ilẹ̀ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ omi. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ omi, wọ́n á ní nǹkan kan ò ṣe ọ̀pá tàwọn, ihò káńsù ló dí. Ẹnu jẹ́ ti ẹnìkan, ọ̀fun jẹ́ ti ẹlòmíràn, àwa tí à ń sanwó fún àwọn méjèèjì ni omi ń ya ilé wa.

Ìyá Mọ̀nsúrát ò tiẹ̀ pe ẹnikẹ́ni rí. Ó ní ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni àwọn tó ń yẹ gọ́tà wò ń wá. Wọ́n á ti lẹ ìwé mọ́ òpó iná ṣáájú pé kí a má páàkì ọkọ̀ sórí ihò. Bí Ìyá Mọ̀nsúrát bá ti rí ìwé yẹn, wolé-wolé dé nìyẹn. Kò ní kó gọ́tà nìkan mọ́, yóò fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ irin tó bo ihò náà títí yóò fi máa dán. Mo bá a fọ ọ́ nígbà kan. A dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọkùnrin káńsù ṣe dé, ó bojú wo inú ihò, ó tẹ nǹkan sórí fóònù rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Mọ̀nsúrát ní wọn ò rí ẹjọ́ kankan rò mọ́ wa lẹ́sẹ̀. Inú àwa méjèèjì dùn. Bí mo bá rántí ìdùnnú yẹn báyìí, ó ń ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Mọ̀nsúrát bímọ ní London, ìyá rẹ̀ lọ bá a wẹ ọmọ. Èmi ló fi sílẹ̀ pẹ̀lú bàbá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yí bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ padà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ọ̀pá irin. Mo ṣe ti àkọ́kọ́. Ti ọ̀pá irin, mo ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ewé kún ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òjò rọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, omi wọ pálọ̀, ó ga tó ìka mẹ́rin.

Mo pè é. Ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ ní Sátidé ló gbé e dé. Ohun àkọ́kọ́ tó ti sọ lórí fóònù ni pé kí n pe ibi tí wọ́n ti ń rán àwọn olùtọ́jú wá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n ní kí wọ́n má wá títí di ọjọ́ Ajé, pé ẹbí pọ̀ nílé. Mo pè wọ́n, mo pa irọ́ náà. A ká kápẹ́ẹ̀tì dànù, a nu ilẹ̀, a yá fáànù ńlá mẹ́ta, a jó tùràrí títí òórùn omi fi lọ. Nígbà tí olùtọ́jú wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ní ilé yìí ń ta sánsán. Ìyá Mọ̀nsúrát kìlọ̀ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́, pé bí wọ́n bá gbọ́ pé omi wọlé, wọn yóò gbé ọkọ òun lọ. Òótọ́ ló sọ.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé káńsù wọlé. Ìjọba òkè ti fún wọn lówó láti tún gọ́tà ṣe, nítorí òjò ń le sí i lọ́dọọdún. Owó náà ò kárí ìlú, títì mẹ́fà péré ni wọn yóò mú. Kí a wá sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, kí a wá wo bí wọ́n ṣe ń yàn wọ́n.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni wọ́n rán wá, Adéwálé, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, ẹnjiníà omi. Bó ṣe rí Ìyá Mọ̀nsúrát pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó dìde nídìí kọ̀ǹpútà, ó wá tẹ̀ ba kí i. Ìyá Mọ̀nsúrát sọ sí mi létí pé ọmọ wa ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Adéwálé tan àwòrán ìlú sára ògiri. Títì tó wà nínú ewu ní àwọ̀ pupa, èyí tó dára ní àwọ̀ ewé. Pellow Street ní àwọ̀ ewé. Ìyá Mọ̀nsúrát rò pé àwọ̀ ewé ni àwọn tí wọ́n ti mú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, èmi ni mo sọ fún un pé rárá. Ó dìde, ó béèrè ìdí.

Adéwálé wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "There's nothing on the system, ma," ó ní. "Ọdún mẹ́sàn-án, kò sí report kankan. Wọ́n sì ń inspect àwọn gọ́tà yẹn twice a year. Clear, clear, clear. Títì yín ló dáa jù lórí list yìí."

"Èmi ni mo máa ń kó o," ni Ìyá Mọ̀nsúrát wí.

"Sorry, ma?"

"Tí mo bá ti rí ìwé yín lára òpó iná pé ẹ̀ ń bọ̀, mo máa ń kó o, mo máa ń fọ̀ ọ́. Kí ẹ má baà bá ìdọ̀tí níwájú ilé mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Adéwálé ò rẹ́rìn-ín. Ó pa kọ̀ǹpútà náà dé díẹ̀ bí ẹni tí ojú ń tì, ó ní kí a jọ̀ọ́ dúró de òun bí ìpàdé bá parí.

Nígbà tí gbogbo ènìyàn lọ tán, ó fà wá sí kọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó ń yẹ gọ́tà wò níbí kì í wá mú ẹnikẹ́ni. Ohun tí káńsù yẹ kó tún ṣe ló ń wá kiri, bí kò bá sì rí i, kò sí níbẹ̀. Ó ní inú ìwé ẹ̀sùn tí àwọn ará àdúgbò bá kọ ni máàkì tí wọ́n fi ń yan títì ti ń wá, àti pé máàkì tó pọ̀ jù lọ ni ti ilé tí omi bá ti wọ inú rẹ̀ rí.

"Ṣé omi ti wọlé yín rí, ma?"

Ìyá Mọ̀nsúrát wò mí. Mo wo ilẹ̀.

"Rárá," ni ó dáhùn.

Mo mọ ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Káńsù tó ń tún gọ́tà ṣe náà ló ń sanwó àwọn olùtọ́jú bàbá. Ilé kan náà, orúkọ kan náà, kọ̀ǹpútà kan náà. Adéwálé ò mọ̀. Ó ní kí a má ṣèyọnu, àwọn tó ń yẹ gọ́tà wò yóò wá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, kí wọ́n tó parí yíyan títì mẹ́fà náà. "Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́, ma. Let them see it how it is. Kí ẹ sì máa report ẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, dad mi máa ń sọ ọ́ gan-an."

Ọ̀rọ̀ rere ni. Ọmọ rere sì ni, n ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé rẹ̀ wà lókè ló máa ń rọrùn fún láti sọ pé kí a jẹ́ kí gọ́tà dí.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo rí Ìyá Mọ̀nsúrát lẹ́yìn gíláàsì ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òjò lọ́rùn. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò jáde. Sátidé kejì, ó bá mi jáde láti ya fọ́tò tí a fi ránṣẹ́ sí káńsù. Ihò ti kún dé ẹnu nínú fọ́tò náà, ewé àti ẹrẹ̀ bo irin mọ́lẹ̀, omi dúró sojú kan níwájú ilé. Ní kọ̀rọ̀ kan lókè, fèrèsé pálọ̀ hàn, àtẹ́lẹwọ́ kan sì wà lára gíláàsì. Bàbá rò pé àwọn ni à ń yà. Mo fẹ́ tún un yà, ìyàwó wọn ní kí n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, pé ó dára.

Ìwé ara òpó iná ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọn yóò wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a ò rí ẹnikẹ́ni. Ní ọjọ́ Rú, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi pé wọ́n ti sún un sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òjò ti ba títì kan jẹ́ ní apá ibòmíràn, ibẹ̀ ni gbogbo òṣìṣẹ́ wà. Wọ́n tọrọ àforíjì. Wọ́n mọ àforíjì í tọrọ ju gbogbo nǹkan lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Ìyá Mọ̀nsúrát mú ọ̀pá irin lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní rédíò ti kéde òjò ńlá fún Sátidé, òun ò lè dúró mọ́. Èmi ni mo dá a dúró. Kì í ṣe káńsù, kì í ṣe Adéwálé, èmi ni.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," mo ní, "tí ẹ bá kó o báyìí, clear ni wọ́n tún máa kọ. Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù."

Ó wo ọ̀pá irin náà, ó wo ọkọ rẹ̀, ó gbé e padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, òun yóò kó o, ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n kọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni òjò náà dé. Ní agogo méjì ọ̀sán, mo wà nílé arúgbó kan tí mò ń tọ́jú ní Pendleton, Ìyá Mọ̀nsúrát wà nídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ, bàbá nìkan ló wà nílé títí di ìgbà tí olùtọ́jú ìrọ̀lẹ́ máa dé. Wọ́n ní òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Irọ́ ni ní Pellow Street. Òjò mọ ẹni tó ń gbé ìsàlẹ̀.

Olùtọ́jú ìrọ̀lẹ́ dé, kò lè dé ẹnu ọ̀nà, ó pe panápaná. Bọ́ọ̀sì kan náà ló gbé èmi àti Ìyá Mọ̀nsúrát dé ní agogo márùn-ún, a bọ́ọ́lẹ̀ lórí títì ńlá, a rí i tí ìsàlẹ̀ ti di adágún. Omi ti mù wá dé orúnkún ká tó dé iwájú ilé, inú ilé náà sì rí bẹ́ẹ̀. Iná bẹ́ẹ̀dì ti kú, bẹ́ẹ̀dì ti rọ̀ sílẹ̀, omi ti gba tìmùtìmù dé ìbàdí bàbá. Wọ́n ń gbọ̀n. Àtẹ́lẹwọ́ wọn wà lára gíláàsì síbẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe pé wọ́n ń kí ẹnikẹ́ni.

Àwọn panápaná ti ń gba fèrèsé wọlé lọ gbé wọn. Wọn ò gba ìyàwó láyè láti sún mọ́ ibẹ̀. Ó dúró díẹ̀, lẹ́yìn náà ló yíjú padà, ó kúnlẹ̀ sínú omi náà pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, omi dé àyà rẹ̀, ó ki apá bọ ihò gọ́tà. Ó ń fa ewé, ó ń jù ú sẹ́yìn, ó ń fa ewé, ó ń jù ú sẹ́yìn. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, ó ń lọ. Mo wo aago mi. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló gbà á láti rí ojú títì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà yẹn, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ọkọ̀ aláìsàn pa.

Òtútù wọ ẹ̀dọ̀fóró bàbá. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ìwòsàn, lẹ́yìn náà wọ́n gbé wọn lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan, bọ́ọ̀sì méjì sí ọ̀dọ̀ wa. Òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn kọ̀wé pé ilé náà ti wà nínú àkọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé tí omi ń ya wọ̀, wọn ò lè dá aláìsàn padà síbẹ̀. Àkọsílẹ̀ kan náà yẹn ló sọ Pellow Street di pupa lára ògiri wọn. A gba máàkì tó pọ̀ jù lọ. A wọlé sínú títì mẹ́fà náà.

Ní oṣù kejì ọdún tuntun, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù dé. Ẹ wá wo ọkọ̀, ẹ wá wo ẹ̀rọ. Wọ́n ki kámẹ́rà bọ abẹ́ ilẹ̀, wọ́n bá ọ̀pá tó ti fọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tí gbòǹgbò igi ti kún inú rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń dí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó tí wọ́n ní kò sí fún ọdún mẹ́sàn-án jáde lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n ri ọ̀pá ńlá tuntun, wọ́n ṣe ihò mẹ́fà dípò mẹ́ta, wọ́n da ọ̀dà tuntun sójú títì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn aládùúgbò ń kan ilẹ̀kùn Ìyá Mọ̀nsúrát láti dúpẹ́, pé ìwé tó kọ ló mú wọn wá. Adéwálé náà wá. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ èmi ni, ǹ bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ìyá Mọ̀nsúrát ní kó wọlé, ó po tíì fún un.

"Iṣẹ́ yín dára, ọmọ mi," ó ní. "Omi ò dúró mọ́."

Adéwálé mu tíì náà tán, ó sì lọ. Kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ fèrèsé, níbi tí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ti tẹ ojú ilẹ̀ ní ibi mẹ́rin.

Ní oṣù kẹrin, bíìlì káńsù tuntun wọlé. Owó ti lọ sókè. Ìwé pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣàlàyé ibi tí owó wa ń lọ. Ìyá Mọ̀nsúrát pè mí pé kí n wá kà á fún òun, ó ní òun ò rí dígí ojú òun. Dígí náà wà lórí rẹ̀. Ní ojú ewé kejì, wọ́n fi àwòrán méjì ti Pellow Street síbẹ̀, bó ṣe rí tẹ́lẹ̀ àti bó ṣe rí báyìí. Ti báyìí mọ́ tónítóní, ọ̀dà dúdú ń dán, irin ihò tuntun hàn, kọ́tìnì fèrèsé ilé ìsàlẹ̀ wà ní títì pa. Ti tẹ́lẹ̀ ni fọ́tò tí a fi ránṣẹ́: ewé, ẹrẹ̀, omi tó dúró, àti àtẹ́lẹwọ́ kan lára gíláàsì. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará àdúgbò tó fi ọ̀rọ̀ tó wọn létí.

Mo kà á dé ibẹ̀. Mo sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ níwájú àgbà.

Ìyá Mọ̀nsúrát ò bá mi wí. Ó dìde lọ mú sísọ́ọ̀sì, ó gé àwòrán méjèèjì sọ́tọ̀. Ó ju títì tuntun sínú bíìnì. Èyí tí gọ́tà ti dí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé kó kọjú síta, níbi tí ọwọ́ bàbá máa ń wà, ó sì jáde sí títì láti lọ wò ó.